Òlíńpíìkì 2028 ní Long Beach: kí ló yẹ ká máa wò nínú ìje ọkùnrin tó ń dá tukọ̀?

ÌyáTèmi_Houston

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti baálé mi ti pinnu pé a máa kó àwọn ọmọ lọ wo Òlíńpíìkì ní California lọ́dún 2028, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Tèmi, àkọ́bí wa ọkùnrin, kò fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, kò fẹ́ wo eré sísá. Ìje ọkọ̀ ojú omi ló gbà á lọ́kàn látìgbà tó ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lásìkò ti Paris, pàápàá èyí tí ọkùnrin kan ṣoṣo máa ń fi àjẹ̀ méjì dá tukọ̀, tí wọ́n ń pè ní single sculls. Mo jókòó tì í, mo wò ó títí, n kò rí ìdí rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà kọ ẹ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ń fà á lọ, ẹni tó ṣíwájú níbẹ̀rẹ̀ sì lè di ẹni ẹ̀yìn kó tó di pé wọ́n dé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè là mí lóye? Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ wo ló yẹ ká rà, ibo ló dáa ká jókòó sí, kí ló sì yẹ kójú wa máa wá?

Kóòṣì_Thames

Ẹ kú ìmúra o, Ìyá Tèmi. Àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń kọ́ ní títukọ̀ níbí ní London, inú mi sì dùn pé èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ gan-an lọmọ yín yàn láàyò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí.

Ó gùn ju mítà 8 lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìdí èèyàn nìkan ló gbà. Òfin ni pé ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí kílò 14. Àjẹ̀ méjì tó wà lọ́wọ́ atukọ̀ ló fi ń rìn, àwọn náà ló sì fi ń dúró: tó bá fi wọ́n sílẹ̀ pẹ́rẹ́, ọkọ̀ á dojú dé. Ìjókòó rẹ̀ ní táyà kéékèèké nísàlẹ̀ tó ń yí lọ yí bọ̀ lórí irin méjì. Wọ́n ti kan bàtà mọ́ inú ọkọ̀, inú bàtà yẹn ló ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Á ká orúnkún, á na apá, á ri àjẹ̀ bọmi, á wá fi itan ti ara rẹ̀ sẹ́yìn. Itan àti ẹ̀yìn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, apá kàn ń parí rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ẹ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó kọjú síwájú kò lè fi itan ṣiṣẹ́ báyẹn.

Ohun kan wà nínú ìyẹn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó bá ṣíwájú ló ń rí gbogbo àwọn yòókù. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ẹnikẹ́ni, àfi tó bá yíjú, yíyíjú sì lè da ọkọ̀ láàmú. Nítorí náà kálukú ló ń wù láti tètè gba iwájú, ìkánjú yẹn ló sì ń dá ọ̀pọ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ di àwọ̀ ewé, wọ́n lè máa fa àjẹ̀ ju ìgbà 40 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó lè bá ìyẹn dé òpin. Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 34 tàbí 35, wọ́n á wá tún gbé e sókè nígbà tí òpin bá súnmọ́. Gbogbo ọgbọ́n ìje náà wà nínú bí èèyàn ṣe ń ná agbára rẹ̀ láàárín mítà 2000, tó ń gbà wọ́n ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀ sí 7.

Ọmọ_Ìlàjẹ

Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì, ẹ ṣeun gan-an. Ní tiwa létíkun Ìlàjẹ, iwájú la ń kọjú sí tá a bá ń tukọ̀, àjẹ̀ kan la sì ń lò. Báwo lẹni tó kọ ẹ̀yìn síwájú ṣe ń mọ̀ pé òun kò tíì yà bàrá?

Kóòṣì_Thames

Àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó léfòó ni wọ́n tò sí ọ̀tún àti òsì ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò láàárín àwọn bọ́ọ̀lù yẹn. Tí ìlà náà bá wọ́, ó mọ̀. Àwọ̀ àwọn bọ́ọ̀lù náà tún máa ń yí padà nígbà tó bá ku mítà 250, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń kó gbogbo èyí tó kù dà sílẹ̀.

Bàbá_Eré

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ti ọ̀rọ̀ Kóòṣì lẹ́yìn, nítorí látijọ́ ni mo ti ń tẹ̀lé ìje yìí.

Ní Montreal ní 1976, Peter-Michael Kolbe ti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ló wà níwájú ní ọ̀pọ̀ ìje náà. Gbogbo èèyàn ti gbà pé òun ló ni wúrà. Àṣé Pertti Karppinen, ọkùnrin panápaná kan láti Finland, ń ṣọ́ agbára rẹ̀ ná. Níwọ̀nba mítà díẹ̀ tó kù, Karppinen kọjá rẹ̀. Kolbe gba fàdákà. Ọdún 8 lẹ́yìn ìyẹn, ní Lake Casitas, ní California yìí kan náà, àwọn méjèèjì tún pàdé, Kolbe tún ṣíwájú, Karppinen tún bá a, ó tún kọjá rẹ̀. Kolbe padà wá ní 1988, fàdákà náà ló tún gbà, Thomas Lange ti Ìlà-Oòrùn Jámánì ló borí lọ́tẹ̀ yìí. Fàdákà mẹ́ta, kò sí wúrà kan, bẹ́ẹ̀ ó borí nínú ìdíje àgbáyé nígbà márùn-ún! Ó ṣì ń dùn mí fún ọkùnrin yẹn títí dòní.

Karppinen ní tirẹ̀ gba wúrà mẹ́ta léraléra: 1976, 1980, 1984. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, Vyacheslav Ivanov ti Soviet Union, ní 1956, 1960 àti 1964.

Ìyá Tèmi, tí ọmọ yín bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe lè fún mọ́ra tó, ẹ bá a wá àṣekágbá Rio 2016 jáde. Mahé Drysdale ti New Zealand àti Damir Martin ti Croatia dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 41.34 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Fọ́tò ni wọ́n fi dájọ́. Ṣóńṣó imú ọkọ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan wà, ni wọ́n ń wò lórí ìlà, kì í ṣe orí èèyàn, kì í ṣe àjẹ̀. Ti Drysdale ló kọ́kọ́ kan ìlà.

Àbẹ̀kẹ́_Rotterdam

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ìyá Tèmi, lórí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ìmọ̀ràn mi ni pé tí owó yín bá ká ọjọ́ kan péré, ẹ má fi dandan lé àṣekágbá. Ẹ ra ti ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ìpele tó kángun sí i. Mo wà ní Vaires-sur-Marne, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, ní 2024, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Nínú ìpele yẹn, àwọn mẹ́fà ló ń wọ omi, mẹ́ta ló ń lọ sí àṣekágbá A, níbi tí wúrà wà. Ẹni tó ṣe ipò kẹrin ti pàdánù wúrà nìyẹn, bó ti wù kó lágbára tó. Ohun tó ṣe Oliver Zeidler ti Jámánì ní Tokyo nìyẹn. Òun ni gbogbo ayé ń retí pé yóò gba wúrà. Afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ wá lórí omi lọ́jọ́ náà, ó ṣe ipò kẹrin, ó sì di èrò àṣekágbá B. Stefanos Ntouskos ti Greece ló wá gba wúrà náà, ẹni tó ti tukọ̀ nínú ẹ̀ka àwọn tí ara wọn fúyẹ́ ní Rio. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún Tèmi pé àfi òmìrán ló lè ṣe é.

Zeidler padà wá sí Paris. Nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 35.77 ló fi dé, kò sẹ́ni tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ nínú ìje yìí ní Òlíńpíìkì ṣáájú rẹ̀. Àwọn èèyàn tó wà létí omi dìde dúró. Nígbà tó di àṣekágbá, ó fi 6:37.57 gba wúrà, Yauheni Zalaty tó tẹ̀ lé e sì fi ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Simon van Dorp tiwa níbí gba idẹ. Àṣekágbá yẹn dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtàn Tokyo mọ̀ pé ìpele tó ṣáájú rẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti bà á.

Ẹ tún sọ èyí fún Tèmi: òmùwẹ̀ ni Zeidler kó tó di atukọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ, bàbá rẹ̀ àgbà sì gba wúrà nínú títukọ̀ ní Munich ní 1972.

Kóòṣì_Thames

Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ lo sọ. Kí n kàn fi kún un pé ní Paris, ẹni tó bá kùnà díẹ̀ nínú ìpele àkọ́kọ́ pàá kò lọ sílé tààrà. Ìje àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì wà fún un nígbà yẹn, tí wọ́n ń pè ní repechage. Àwọn tí kò dé àṣekágbá A náà ṣì ń jà fún ipò wọn nínú àṣekágbá B, C, dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n ń tukọ̀ kíkan-kíkan fún ipò 13, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ará_LongBeach

Ìlú yìí ni mò ń gbé, ẹ jẹ́ kí n sọ tibí. Marine Stadium ni wọ́n máa lò. Omi tí wọ́n gbẹ́ fún Òlíńpíìkì 1932 ni. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́ afárá kan kọjá lórí rẹ̀, torí náà omi gbọọrọ tó ṣeé lò kò tó mítà 2000 mọ́. Mítà 1500 ni wọ́n máa fi ṣe ìje náà ní 2028. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu tí àkókò wọn bá kéré gan-an sí ti Paris, kì í ṣe pé wọ́n ti di ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ jíjókòó: ìmọ́lẹ̀ oòrùn July níbí kì í ṣeré, omi sì ń dá a padà sójú èèyàn. Fìlà onígbèéjú, omi mímu, ìpara òòrùn fún àwọn ọmọ, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Àárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi irú ìje yìí sí kí afẹ́fẹ́ tó dìde, nítorí náà ẹ má sun ibi tó jìnnà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó ti Los Angeles wá sí ìhín lè jẹ yín run.

Bàbá_Eré

Ará Long Beach, o mú mi rántí nǹkan. Lórí omi yẹn gan-an ni Bobby Pearce ti Australia ti gba wúrà rẹ̀ kejì nínú ìje yìí ní 1932. Àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ti Amsterdam ní 1928. Ní Amsterdam yẹn, ìyá pẹ́pẹ́yẹ kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ gba iwájú ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lójú ìje. Pearce dáwọ́ àjẹ̀ dúró, ó jẹ́ kí wọ́n kọjá tán, ọ̀tá rẹ̀ sì ń sá lọ. Ó tún gbé e, ó lé e bá, ó borí. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ létí omi náà.

Atukọ̀_Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́, ní Benin. Kí a má gbàgbé pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà ti wọ inú ìje yìí. Privel Hinkati tukọ̀ fún Benin nínú ìje ọkùnrin yìí gan-an ní Tokyo, òun wà lára àwọn tó gbé àsíá wa. Ní ti Nàìjíríà, àwọn obìnrin ló ṣí ọ̀nà: Chierika Ukogu ní Rio 2016, lẹ́yìn náà Esther Toko ní Tokyo. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín bí èèyàn Áfíríkà ṣe ń débẹ̀, orílẹ̀-èdè kan kò lè mú ju ọkọ̀ kan wá sínú ìje kan, ìdíje ìyege ilẹ̀ Áfíríkà sì wà. Tunis ni wọ́n ti ṣe é fún Tokyo.

Sùúrù_Slough

Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ Áfíríkà yìí. Mo wà ní Eton Dorney, níbi tí wọ́n ti tukọ̀ fún Òlíńpíìkì London ní 2012, nígbà tí Hamadou Djibo Issaka ti Niger tukọ̀. Ọkùnrin yẹn kò tíì ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ nídìí iṣẹ́ náà. Ìwé ìpè pàtàkì ni wọ́n fún un nítorí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kéré nínú eré yìí. Nínú ìje àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn yòókù ti dé, wọ́n ti ń mí, òun ṣì wà lójú omi, òun nìkan. Ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 25.56 ló gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo èèyàn tó wà ní ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo fún un, títí tí imú ọkọ̀ rẹ̀ fi kọjá ìlà.

Àwọn kan wí pé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Èmi kò gbà. Ẹni tó ti jókòó sínú ọkọ̀ yẹn rí mọ̀ pé kéèyàn má dojú dé láàárín mítà 2000, lójú ẹgbàágbèje èèyàn, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta péré, iṣẹ́ ńlá ni. Ìyá Tèmi, tí ẹ bá rí ọkọ̀ kan tó jìnnà sẹ́yìn ní Long Beach, ẹ má dìde kúrò ní ìjókòó yín kí ó tó dé.

ÌyáTèmi_Houston

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú! Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún Tèmi, kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù: tí a bá jókòó, tí wọ́n ń bọ̀, báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ti ń rẹ̀ àti ẹni tó ṣì ní nǹkan nínú?

Kóòṣì_Thames

Ìbéèrè àtàtà. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ jókòó sí nǹkan bíi mítà 400 tàbí 500 sí òpin, ẹ má fún ara yín mọ́ ẹsẹ̀ ìlà. Létí ìlà, ẹni tó borí nìkan lẹ ó rí. Lọ́ọ̀ọ́kán díẹ̀ sí i lẹ ó ti rí ibi tí ìje ti ń bàjẹ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́.

Ẹ wo àjẹ̀ nígbà tó bá kúrò nínú omi. Ti ẹni tó ṣì lágbára máa ń jáde mọ́, á rìn lókè omi láìkàn án, á wọlé padà láìta omi. Nígbà tó bá ti ń rẹ èèyàn, ọwọ́ á máa sọ̀ kalẹ̀, àjẹ̀ kan á máa gbá omi ní ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ á máa fì. Ẹ wo omi tó ń yí bírí lẹ́yìn àjẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà: tó bá jinlẹ̀, tí àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì sì gùn, ọkọ̀ yẹn ń sá. Tí àlàfo náà bá ń kúrú sí i, tí ọkùnrin náà sì ń fa àjẹ̀ ní kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára ti ń tán nìyẹn, ìyára ọwọ́ ló fi ń bò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtànjẹ ojú. Ọkọ̀ tó súnmọ́ yín máa ń dà bíi pé ó ṣíwájú, tẹlifíṣọ̀n náà sì máa ń tan èèyàn jẹ báyẹn tí kámẹ́rà bá wà níwájú tàbí lẹ́yìn wọn. Bóọ̀dù ńlá tó ń kọ àkókò wọn ní mítà 500 kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀ fún Tèmi, ẹ jẹ́ kó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Níbi tí ìje ti jẹ́ mítà 2000, mítà 500 kẹta ló máa ń le jù, torí ìrora ti dé, òpin kò sì tíì súnmọ́. Lójú tèmi, mítà 1500 ti Long Beach yóò fún àwọn tó ń tètè jáde láǹfààní, irú Kolbe tí Bàbá sọ. Àwọn tó ń ṣọ́ agbára wọn gẹ́gẹ́ bíi Karppinen kò ní rí omi tó pọ̀ tó láti fi lé èèyàn bá. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi ojú ara mi rí.

Ọmọ_Ìlàjẹ

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé wọ́n tún máa tukọ̀ lójú òkun gidi ní 2028, ṣé òótọ́ ni?

Ará_LongBeach

Òótọ́ ni, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní Òlíńpíìkì. Atukọ̀ á sáré lórí iyanrìn lọ fò sínú ọkọ̀ tó fẹ̀ ju ti ìje yòókù lọ, á wà á gba àárín àwọn àmì tó léfòó lọ sójú òkun, á yí padà, á dé èbúté, á tún sáré lọ tẹ bọ́tìnnì ní òpin. Méjì-méjì ni wọ́n ń fi wọ́n figagbága. Ọkùnrin kan dá ṣe é wà, obìnrin kan dá ṣe é wà, ti takọtabo sì wà. Irú ìje yìí náà wà nínú ètò Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar 2026.

Ọmọ_Ìlàjẹ

Ìgbì omi àti iyanrìn? Àwọn ọmọ tiwa létíkun ń ṣe ìyẹn láti kékeré. Ẹ bá wa wá ẹni tó máa kó wọn lọ!

Kóòṣì_Thames

Àbúrò, ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn. Níbẹ̀, mímọ ìgbì omi níye lórí púpọ̀, ọkọ̀ wọn sì le ju kí ó dojú dé bí ti àwa yìí.

Ìyá Tèmi, tí ọmọ náà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí 2028 tó dé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀wẹ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bi yín ní ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀, wọ́n á sì kọ́ ọ bí yóò ṣe jáde tí ọkọ̀ bá dojú dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ títukọ̀ ti inú ilé ni kí ó lò ná, kí ẹnì kan wà nítòsí tó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan lákọ̀ọ́kọ́. Kí ó bá àwọn mẹ́ta mìíràn jókòó sínú èyí tó fẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí etí rẹ̀ mọ ìró àjẹ̀ tó wọ omi pọ̀.